Ìpín Onílẹ̀

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, bí òtútù tilẹ̀ ti mú orúnkún mi le. Màámi, ẹ kú àdúrà. Bùrọ̀dá Kúnlé, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Inú lẹ́tà ni mo kọ ọ́ sí, Bàbá, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ti pa fóònù mọ́ mi létí lórí ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn ọdẹ yìí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, èmi tí n kò sí nílé láti gbé omi ìwẹ̀ fún bàbá tèmi. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò kí mi káàbọ̀. Àdáwà yìí ló lé mi dé etí adágún lọ́jọ́ Sátidé, tèmi ti ìwọ̀ ẹja.

Igbó àti omi ibí, ti gbogbo ará ìlú ni. Èèyàn á kàn ra ìwé àṣẹ. Oṣù tí a kò gbọdọ̀ yìnbọn wà nínú rẹ̀, ẹja kékeré tí a gbọ́dọ̀ dá padà sómi náà wà níbẹ̀. Mo kà á, mo dá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n tẹ̀ síwèé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ dá mi padà sílé lọ́jọ́ tí a rí ẹtu olóyún, tí ẹ kọ̀ láti yìnbọn fún un, tí mo ń sunkún ẹran.

Ẹja méjì ni mo pa. Ẹ sì ti kọ́ mi pé ọdẹ kì í jẹ ẹran láìgbé itan fún onílẹ̀. Ni mo bá gbé èyí tó tóbi, mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé tó sún mọ́ omi jù. Ìyá òyìnbó kan yọjú, ó rò pé mò ń ta ẹja ni. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun kọ́ ló ni omi, pé gbogbo wa la ni ín, ìwé àṣẹ mi ti tó. Ó dúpẹ́, kò gba ẹja náà, ó ti ilẹ̀kùn. Ojú tì mí, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dá jẹ ẹja náà.

Bùrọ̀dá ní ìjọba fẹ́ ti igbó wa pa pátápátá, pé wọ́n pe àwọn ọdẹ sí ìpàdé ní Odògbolú. Bùrọ̀dá tún ní ẹ ti gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, pé àwọn ọmọ àná kò lè pè yín wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Inú bí mi sí yín. Ẹran ti dín lóòótọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ rin igbó já, ẹ kò rí ọ̀yà kan. Ó yẹ kí wọ́n tì í lóṣù tí ẹran ń bímọ, kí wọ́n sì tún ṣí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ oṣù náà fún wọn, bí kò ṣe ẹ̀yin? A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ agbádá yín, kí ẹ lọ. Bí mo bá délé, mo fẹ́ tẹ̀ lé yín wọgbó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbé itan ẹran lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó sì mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìmùṣin, ẹ kí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀