Iye Tí Wọ́n Fi Rán Ikùn Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ilé ìwòsàn, àfi tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ni ín. Àmín.

Ara bàbá rẹ ti ń yá. Ìpá tó ti ń gbé kiri, tó ní afẹ́fẹ́ lásán ni, ló yọ síta lọ́jọ́ Ajé níbi tó ti ń gbé ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kò sì wọlé mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sáàárín ègé pákó, ó ń làágùn, ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ilẹ̀kùn oníbàárà kúrò nínú oòrùn.

Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà. Mo lọ sójú fèrèsé agbowó, mo béèrè pé èló ni. Ó ní ó dọwọ́ ohun tí wọ́n bá bá nínú. Mo ní ìpá ni wọ́n máa bá, àfi tí bàbá rẹ bá gbé nǹkan mìíràn mì. Ó ní kí n lọ jókòó. Ọmọ mi, wọ́n láàánú gan-an: wọn kì í sọ iye títí iṣẹ́ abẹ á fi parí, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má baà dá èèyàn méjì dúbúlẹ̀ pọ̀. Wọ́n kàn ní kí n tọwọ́ bọ̀wé pé iyekíye tí wọ́n bá pè é ni màá san. Ọkọ mi ń kérora, ta ni yóò máa nájà lórí rẹ̀? Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kejì ìwé owó dé: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ. Wọ́n kọ owó tíátà sí i. Mo lọ ṣàlàyé fún agbowó pé bàbá rẹ ò wo eré kankan, oorun ló sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi náà ò sì kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tún kọ ìbọ̀wọ́ ogún. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ pe dókítà tó ní ogún ọwọ́ náà kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń dúró ni mo ti rí ìwé kan lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ kí ojú èèyàn má baà bà á jẹ́. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iye owó gbogbo iṣẹ́ abẹ ni! Irú ìròyìn ayọ̀ báyìí ò ṣeé dá gbọ́, mo bá ń kà á sókè: ìpá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, tíátà àti ìbọ̀wọ́ wà nínú ẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan ní kí n bá òun wo ti ojú, bàbá kan ní ti kíndìnrín. Kí n tó mọ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti pọ̀ ju ti dókítà lọ.

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ jáde, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe. Mo bá kọ̀ǹpútà kẹ́dùn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí dókítà yẹ òun náà wò. Wọ́n fa ìwé àkọ́kọ́ ya, wọ́n kọ ọgọ́rin.

Mo ti san àádọ́ta nínú owó òrùlé wa. Ọgbọ̀n ló kù, jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù mi, mo ti nu ojú ẹ̀ mọ́ kí owó lè ríbi wọlé. Má fi sí ti bàbá rẹ o. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé èló ni wọ́n ní. Mo ní wọ́n ní kò wọ́n rárá. Ó ní ó dáa, kí wọ́n máa tì í lọ. Ká ní ó gbọ́ òótọ́ ni, ì bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ì bá gbé ìpá rẹ̀ padà wálé.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.