Ìbéèrè Tí Kò Yẹ Kó Ní Èsì

Ẹ̀gbọ́n mi Wendell,

Gbogbo ilé ń kí yín ní Alaska. Orúnkún Màmá Àgbà ti ń rọ̀ wọ́n díẹ̀. Edé ńlá kò wọ́n mọ́ lọ́jà, àmọ́ epo tí a fi ń mú ilé gbóná ṣì tó wa.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì lítíréṣọ̀. À ń ka ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wa nípa àwọn apẹja, Ìyáàfin Pelkey sì ń fi kọ́ wa ní ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ní kí kálukú dìde, kó bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì bi í ní ìbéèrè tí kò retí èsì sí. Èmi bá Dádì sọ̀rọ̀, àwọn tí ọkọ̀ wọn lọ sójú òkun tí kò padà. Mo ní, "Ǹjẹ́ òkun a máa dá ohun tó bá gbé padà?"

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn yàrá kíláàsì: "Ó ń dá a padà, Lorna mi."

Travis, ọmọ kíláàsì wa, rẹ́rìn-ín. "Wèrè wo nìyẹn?" Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àga tó ṣófo, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Ìyáàfin Pelkey ń ká ohùn wa sílẹ̀ nítorí máàkì. Mo gba ẹ̀dà rẹ̀, mo sì jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Bàbá yín kọ́ nìyẹn. Má sọ mí di aṣiwèrè nínú ilé mi." Àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́, yìnyín sì ń wọlé.

Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ̀yin lẹ bá Dádì ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ, ẹ mọ ohùn wọn dáadáa. Bí kì í bá ṣe ohùn Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màmá kí ẹ sọ fún wọn. Bó bá jẹ́ wọn ni, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣáà máa bọ̀ nílé.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ lórí omi.

Àbúrò yín,
Lorna