Bàbá Onílẹ̀kùn Méjì: Ìgbésí Ayé Gbẹ́nàgbẹ́nà Kan

Gbẹ́nàgbẹ́nà ló bí Bàbá wa, àbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún, nínú ilé oníyàrá méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilẹ̀kùn náà sọ́kàn. Bàbá tó bí wọn ló gbẹ́ ẹ, ó sì máa ń fi í han àlejò kí ó tó fún wọn ní àga.

Kíláàsì kẹrin ni ẹ̀kọ́ Bàbá dúró sí. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò pé. Àwọn aláṣẹ ló ní kí wọ́n pa irú ẹ̀yà wọn run, àwọn aládùúgbò tí wọ́n jọ ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni àwọn aládùúgbò náà dúró sí. Ìyá Bàbá ti Bàbá jáde lójú fèrèsé tóóró tí ẹlòmíràn kò lè gbà. Bàbá nìkan ló kù nínú ìdílé náà.

Ní ìlú mìíràn ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́ igi, tí wọ́n sì fẹ́ ìyá wa, aránṣọ, tó ti ṣáájú wọn lọ sọ́run. Kò sí yàrá tí Bàbá kọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tí Màmá rí ti ilé ìwẹ̀, wọ́n ní, "Baálé mi, ṣé gbogbo àdúgbò ni yóò máa bá mi wẹ̀ ni?" Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn fi ìkọ́ sí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Bàbá máa ń jókòó. Pásítọ̀ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, ó sì fi wọ́n jẹ olórí àwọn aṣọ́nà. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ.

Àwa ọmọ kò béèrè ìdí rẹ̀. A gbà á bí ẹní gba orúkọ. Àkọ́bí, kọ́ńtírákítọ̀ ńlá, kọ́ ilé alájà mẹ́ta, ó ní ilẹ̀kùn rẹpẹtẹ ni àmì ọlá. Olè gba ọ̀kan wọlé, ó gba òmíràn jáde, ó tún padà wá gbé tẹlifíṣọ̀n. Àbíkẹ́yìn, obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, ní tòun, búra pé orí òun ni àṣà náà yóò ti parí. Ó háyà yàrá onílẹ̀kùn kan, kò sì gbádùn oorun níbẹ̀ rí. Kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn fún ọmọbìnrin rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ náà ya ilé kan níléèwé: ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń sá jáde.

"Ta ló ń lé wọn?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Ṣebí wọ́n máa ń lé èèyàn ni."

Olùkọ́ gbé àwòrán náà lọ fún Bàbá. Ọjọ́ náà ni wọ́n tó la ẹnu, tí a gbọ́ ohun tí a kọ sókè yìí. Wọ́n sì mú òòlù, wọ́n fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá wọn pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ ìṣó náà. "Mo gbìyànjú," ni wọ́n wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀. Àkọ́bí ní kí wọ́n fi ìdìmú oníwúrà mẹ́jọ sí pósí, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́fà ni yóò gbé e. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kàn án, ọmọ olùkọ́ yí pósí náà po, ó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ibo ni Bàbá àgbà máa gbà sá jáde?"

Olùkọ́ ì bá purọ́, àmọ́ irọ́ náà gba agbára tí kò ní mọ́. Ó jókòó sórí fùlùfúlù igi, ó sọ ọ́ fún un: fèrèsé, ìyá, ẹnu ọ̀nà. "Kò sẹ́ni tó ń lé ọ," ló fi parí rẹ̀.

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Olùkọ́ dìde, ó gbọn fùlùfúlù kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá, ilé ìkẹyìn yìí kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, àwa ọmọ yín la sì dúró síbẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, kò sí eré sísá mọ́. Ẹ sùn re o.