Wọ́n Ní Ọlidé Ni, Mo So Páásípọ́ọ̀tù Mọ́dìí

Sí Màmá mi àtàtà, ìyá tó bí Dádì mi, ní Apáta, Ìbàdàn,

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ojú mi tí ẹ ò rí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Camp Springs níbí, orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé tí èèyàn bá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, omi gbígbóná ni wọ́n á fi ṣí i kúrò. Mo kí Bọ̀dá Gàníyù télọ̀ tó wà níwájú ilé wa. Mo kí Ìyá Ráṣídà tó máa ń ka lẹ́tà mi fún yín. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kà á bó ṣe wà, kí wọ́n má fo ibì kankan, pàápàá ibi tó bá kan ẹ̀yin gan-an.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ èyí sí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni màá gbé e sí, níbi tí gbogbo ọmọ Yorùbá láti Forestville títí dé College Park á ti rí i kà. Ẹlẹ́rìí ni mò ń wá. Bí wọ́n bá wá mi tì ní Maryland lọ́jọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má wí pé òun ò gbọ́.

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò mi, mo mọ̀. Dádì á ti rò ó fún yín, wọ́n á sì ti fi ata sí i. Bó ṣe jẹ́ nìyí. Obìnrin náà pe fóònù mi pé òun fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Dádì ń wakọ̀ lọ́wọ́, rédíò ń ké tantan. Mo wá rọra sọ fún obìnrin náà pé bàbá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni màá ṣe ògbufọ̀. Ó ní n kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo sọ fún Dádì pé ó ní iṣẹ́ kì í sú mi. Ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù ní kíláàsì. Mo ní ó ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Dádì ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni. Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí ọjọ́ tí Dádì, akáǹtáǹtì tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun kí wọ́n tó bí mi, fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ilé ìwé wa, tí wọ́n sì la ẹnu. Màmá, olùkọ́ mi wò wọ́n bí ẹni tí òkú kí lọ́sàn-án gangan.

Ariwo ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Wọn ò pariwo. Wọn ò gba fóònù mi. Wọ́n kàn wò mí títí, wọ́n ní ó dáa. “Ó dáa” yẹn ló kọ́kọ́ lé oorun lójú mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe èmi àti Tòbi àbúrò mi jókòó, wọ́n ní a ń lọ sí Filipínì fún ọlidé. Wọ́n ní ibi ìgbafẹ́ kan wà níbẹ̀ tí omi gbígbóná ti ń sun lábẹ́ òkè, pé a máa wẹ̀, a máa jẹun, a máa sinmi.

Ta ni wọ́n ń tàn? Bàbá tó jẹ́ pé tí iná bálùwẹ̀ bá pẹ́ ní títàn, wọ́n á bi wá bóyá ìgbéyàwó là ń ṣe níbẹ̀? Tó ń wọ súwẹ́tà méjì sùn kí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná má bàa rí iṣẹ́ ṣe? Òun ni yóò kó wa la òkun kọjá nítorí ìwẹ̀? Ìwẹ̀ wà nílé.

Màmá, ẹ ò mọ ohun tí ojú ọmọ Nàìjíríà ń rí lágbègbè yìí. Kò sí ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò mọ ọ̀rọ̀ Kúnlé. Kúnlé jí ọkọ̀ ìyá rẹ̀ wà, àwọn òbí rẹ̀ ò bá a wí, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ kí bàbá àgbà ní Nàìjíríà fún Kérésì. Ó kó géèmù rẹ̀ dání, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún yípo, àwọn òbí rẹ̀ dé, Kúnlé ò bá wọn dé. A wá gbọ́ pé ilé ìwé kan tí wọ́n ń sùn sí ní Ìjẹ̀bú ló wà, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, agogo ló ń jí i, kòkòrò inú ẹ̀wà rẹ̀ sì pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Láti ìgbà náà, bí òbí bá ti pe ọlidé, ńṣe ni à ń wo ara wa lójú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà. Èmi ò dúró dàgbà kí n tó lò ó.

Ẹni tó pè wá ni Tita Luz, tí òun àti Mọ́mì jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Tita ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ni ibi ìgbafẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ńkọ́? Ẹ jókòó dáadáa, Màmá. Ọ̀gá ilé ìwé ni. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Tí wọ́n ń sùn síbẹ̀! Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ nígbà tí Mọ́mì ń sọ ọ́ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì ra ìbọ̀sẹ̀ funfun tuntun fún mi, wọ́n sì fi bírò kọ orúkọ mi sínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti Tòbi. Màmá, ẹsẹ̀ Tòbi kò ju ìka mi lọ.

Bí wọ́n ṣe yẹ páásípọ́ọ̀tù wa wò tán nígbà tí a dé Filipínì, mo fọgbọ́n yọ tèmi nínú báàgì Dádì. Mo dì í sínú nylon, mo fi okùn so ó mọ́dìí lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí sílẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ bá mi ja ìjàkadì.

A ti fò títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ ara mi. Bí a sì ṣe bọ́ síta, ooru Ìbàdàn ló dì mọ́ mi! Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ tó ń dá títì kọjá bí ẹni tó ni ín. Inú mi fẹ́ dùn, mo ní kó dúró ná.

Oúnjẹ wọn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi í san ẹ̀jẹ́. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sórí tábìlì, wọ́n da ìrẹsì, ẹja díndín àti edé lé e, gbogbo wa fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ kan wà tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó ta mí lójú, mo sì tún bù sí i. Edé lílọ̀ kan tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ wà níbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ dà bí irú gẹ́lẹ́. Mọ́mì gbé e sí imú, wọ́n dijú. Wọ́n tún gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ bíbọ̀ wá, tí ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Dádì ti ń fọ́nnu látàárọ̀ pé kò sí ohun tí ọmọ Ìbàdàn kì í jẹ. Wọ́n fọ́ èèpo, wọ́n rí ẹnu ẹyẹ tó ń wò wọ́n, wọ́n wá rántí pé àwọn ń gbààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé èmi ni gbogbo wọn ń bù fún? Jẹ èyí, tọ́ ìyẹn wò, ó máa mọ́ ọ lára. Kí ló fẹ́ mọ́ mi lára? Àgbò tí wọ́n bá ń bọ́ ní àbọ́yó, ó yẹ kó bèèrè ọjọ́ Iléyá.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi nípa Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ní Filipínì, gbígbóná nìkan ló wà. Ó ń ti abẹ́ òkè wá sínú àwọn adágún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, èéfín ń rú lójú rẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀kọ. Mọ́mì wọnú rẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀mí ọ̀hún pa mọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní Maryland, Màmá. Tí wọ́n bá ń wọlé, èmi ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọjọ́, bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ń mọ̀ pé mo ní ìyá.

Wọ́n ní kí n wá wẹ̀. Mo wọ omi pẹ̀lú aṣọ. Nylon náà ò mọ̀ pé àṣírí ni òun, ó léfòó sókè. Mọ́mì fà á, wọ́n rí páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Tita Luz fi sáré jáde pé ṣé omi ń gbé wọn lọ ni. Mo bi wọ́n lójúkojú pé ṣé wọ́n fẹ́ fi mí sílẹ̀ níbí ni. Wọ́n ní ta ló máa gba irú mi? Ẹ kíyè sí i, Màmá. Ìyẹn kì í ṣe rárá.

Ọ̀gá ilé ìwé náà wá bá wa jẹun. Ó bi mí kíláàsì tí mo wà. Ó bi mí bóyá mo máa ń tètè jí. Lẹ́yìn náà, òun àti Dádì lọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń wò mí, wọ́n tún ń sọ ọ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún mi lọ́jọ́ náà, n ò mọ adùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ń padà lọ, obìnrin náà ní ká gba ilé ìwé òun kọjá. Dádì dúró lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọbìnrin nínú yúnífọ́ọ̀mù ń wò wá. Ní òdìkejì títì, wọ́n ń ta páì alágbọn, èrò ti tò síbẹ̀. Dádì ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí n dúró ti ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ń bọ̀, wọ́n fẹ́ lọ ra páì.

Màmá, gbogbo ara mi ló tutù nínú ooru yẹn.

Nítorí ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń gbé. Ẹ di ṣùkú fún mi, ẹ ní a ń lọ kí Bọ̀dá Fẹ́mi ní Èkó. Ní páàkì, ẹ fi mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Fẹ́mi fúnra rẹ̀, ẹ ní ẹ ń bọ̀, ẹ fẹ́ lọ ra búrẹ́dì tí a máa jẹ lọ́nà. Ọkọ̀ gbéra. Bọ̀dá Fẹ́mi ní ẹ máa wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Pápá ọkọ̀ òfurufú ni mo bá ara mi, mo ti ń lọ bá Dádì àti Mọ́mì ní Amẹ́ríkà. Kódà nínú ọkọ̀ òfurufú, mo gbé báàgì mi lé àga ẹ̀gbẹ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má gba àyè yín.

Mo fò jáde. Mo di bẹ́líìtì Dádì mú láàárín títì, mo ní a jọ ń lọ ni. Wọ́n ní kí n tú àwọn sílẹ̀, ṣé orí mi dá ṣáṣá? Àwọn ọmọ ilé ìwé ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló ń ṣe mí gan-an. Mo ní búrẹ́dì ni. Wọ́n ní kì í ṣe búrẹ́dì, páì ni. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, lórí ìlà, níwájú àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá, gbogbo rẹ̀ láti orí ṣùkú dé orí báàgì.

Dádì ní àwọn làwọn sọ fún yín lórí fóònù pé kí ẹ má sọ fún mi, kí n má bàa sunkún. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ti búrẹ́dì rí. Wọ́n ní ẹ sọ fún àwọn pé ẹ bá mi dé Èkó, pé mo ti sùn lọ kí ẹ tó fi mí sílẹ̀. Màmá! Ẹ tan èmi, ẹ tún tan ọmọ yín!

Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi. Wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé yẹn ló tọ́ ọmọ Tita Luz nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń bi í bí èèyàn ṣe ń bá ọmọ tí òun ò tọ́ dàgbà wí, tí ọmọ náà ò fi ní kórìíra òun. Wọ́n ní òun ló fà á tí àwọn fi ní ó dáa, àwọn ò mọ èyí tí àwọn ì bá sọ. Ìlà ń sún, a ń sún pẹ̀lú rẹ̀. N ò tú bẹ́líìtì sílẹ̀ títí ó fi kàn wá.

Wọ́n mú mi padà dé Maryland. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọnú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dádì ní Ìbàdàn la ó ti ṣe Kérésì, gbogbo wa. Mọ́mì sì tún ti ra ìbọ̀sẹ̀ funfun.

Nítorí náà, Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ṣé ẹnì kan ti bá yín sọ nǹkan nípa ilé ìwé kankan? Ẹ má sọ pé ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Ìyá Ráṣídà kọ ọ́ wá. Bí wọ́n bá sì máa fi mí sílẹ̀, kí ẹ̀yin sọ ọ́ fún mi lójú. Màá sunkún, màá yí gbirigbiri nílẹ̀, ṣùgbọ́n màá mọ̀.

Ohun kan tó kù ni pé tí ẹ bá ń sìn wá dé páàkì ní January, tí ẹ rántí pé ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì, ẹ má ní kí n dúró. Ẹ mú ọwọ́ mi, ká jọ lọ rà á.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Orúnkún yín ò ní yẹ̀, ojú yín á rí mi, etí yín ò ní gbọ́ ìbànújẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí adìẹ yín tó máa ń lé mi, bí ẹ ò bá tíì pa á jẹ.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì gba àyè sílẹ̀ dè yín,
Àbẹ̀kẹ́.