Àpá Òṣì àti Apá Òsì

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.

Humairah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara ẹ le, ṣé oòrùn Ìbàdàn kò jó ẹ jù? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú tì wá lórí ẹ. Bàbá ẹ ń kí ẹ, orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n wólẹ̀ kírun. Ọṣẹ wa ń tà, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ sì tún fi mí ṣe alága, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè mú wọn parí ìpàdé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí, n kò ní fi falẹ̀. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ wọlé, pé àwọn tíṣà ẹ dé fìlà oníwáyà sí ẹ lórí, wọ́n fi ẹ̀rọ ka ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n sì rí i pé “apa osi lo n joba ninu opolo mi”, o kò fi àmì kankan sí i. Bí mo ṣe kà á ni pé àpá òṣì ló ń jọba nínú ọpọlọ ẹ. Òṣì! Lórí ọmọ tí mo tọ́! Àǹtí ẹ Nọ́síràtù gba fóònù, ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé kí o lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti dín àkàrà sàráà, mo ti pe àáfà, mo ti ránṣẹ́ sí ẹ pé kí o fi ilé ìwé sílẹ̀ kí o kó ẹrù ẹ wálé, mo sì ti gbálẹ̀ ibi tí o máa jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi kì í jẹ́ kí ìṣòro sùn mọ́jú.

Ìgbà tí o wá pè tí o ń sunkún pé Mọ́mì, apá òsì ni mo kọ, kì í ṣe òṣì, ara mi kọ́kọ́ balẹ̀, ó tún dìde. Ṣé òsì náà dára ni? Òsì tí a kì í nà sí àgbà? Àfi ìgbà tí o ní apá òsì orí ló ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọ̀tún. Humairah, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sùbùhánálàhì! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ odò Ọ̀ṣun, n kò mọ̀ pé ìgbì ń bì nínú orí èmi náà. Mo kàwé ìṣòwò, mo ti ṣètò oríṣiríṣi ẹgbẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀gá lè jókòó sí òsì, kí òṣìṣẹ́ wà lọ́tùn-ún, kí iṣẹ́ má sì dúró. Ọlọ́run mọ ètò í ṣe!

Nítorí náà, mo fagi lé ohun tí mo sọ. Má wálé. Padà lọ dé fìlà náà, kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn, má sì pẹ́ kí wọ́n má baà fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, má ronú ọ̀rọ̀ ilé wa o, má sì ronú kan Tiwalolúwa, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tí o ń fẹ́ yẹn. Wọ́n á kà á, o kò sì tí ì sọ fún bàbá ẹ.

Wá owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi gbé bàbá ẹ wá kí wọ́n wo orí tiwọn náà. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, ó jọ pé apá méjèèjì ń dúró de ara wọn.

Láti òní lọ, fi àmì sí ọ̀rọ̀ ẹ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi gègé kọ èyí, kí àdúrà mi má baà ṣìnà: kí òsì ẹ máa ran ọ̀tún ẹ lọ́wọ́, kí òṣì má mọ ojú ilé ẹ. Wo abẹ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí o tó ṣe àmín.

Èmi ni ìyá ẹ,
Kàdíjátù.