Iyanrìn fún Onírùngbọ̀n

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹfà

Irùngbọ̀n Onírùngbọ̀n ti ń kúrú. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo wọ awò ojú, mo tún wò ó. Òótọ́ ni. Ti apá òsì ti lọ dé ìdajì, ibi tó já sí pọ́n bí egbò.

Ẹja lásán ni, mo mọ̀. Àmọ́ láti oṣù Kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ẹnjiníà mi jókòó, tí ohùn rẹ̀ sì lọ, iwájú àpótí dígí yìí nìkan ló ti ń jẹun. Tí ẹja bá ń tú ilẹ̀ kiri, ẹnu ọkọ mi á là, èmi á sì fi ṣíbí bu kẹ́ńkè àgbàdo sí i. Tí ẹja bá sá pamọ́, ẹnu á pa dé. Bí Onírùngbọ̀n bá wá kú — kí ni n ó fi la ẹnu yẹn?

Ọjọ́ Àìkú, 2

Adjeley, àbúrò ọkọ mi, ya ilé nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó wo ẹja, ó wò mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká tètè din ín kó tó rù." Mo ní òun gan-an ni ká kọ́kọ́ din. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo pe Efo Senanu tó ta ẹja náà fún wa ní àdúgbò Osu. Ọmọ ẹ̀yà Ewe ni, onísùúrù èèyàn. Ó bi mí pé kí ló wà nísàlẹ̀ àpótí. Mo ní òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fọ́ fún ilé kíkọ́. Mo rà á nítorí pé ó ń dán. Ó ní, "Maa Korkor, irùngbọ̀n ni irú ẹja yìí fi ń wá oúnjẹ nílẹ̀. Orí abẹ lẹ fi í sí yẹn."

Ó ní iyanrìn kíkúnná tí kò lẹ́nu ló yẹ ẹ́. Kí n ní sùúrù di Àbámẹ́ta, òun á bá mi wá ti odò.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Èmi tí wọ́n bí sórí iyanrìn ní Teshie, tí mo kọ́ ìrìn lórí iyanrìn, ni n ó máa dúró de ará òkè odò kó wá fún mi ní iyanrìn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òkun máa ń sinmi ní tiwa, ẹnikẹ́ni kì í jáde lọ pẹja. Etíkun pa rọ́rọ́, àwọn ọkùnrin jókòó ti àwọ̀n wọn, wọ́n ń tún un ṣe. Mo bu garawa iyanrìn méjì. Ataa Bortey, àgbà apẹja, ní, "Maa, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni, àbí ẹ̀pà lẹ fẹ́ yan?" Mo ní ẹja ni mo fẹ́ tẹ́ ẹní fún. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi gun òkè tán.

Mo fọ̀ ọ́ bí àwa ará etíkun ṣe ń fọ̀ ọ́: mo ń fọ̀, mo ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Omi kẹta, iyọ̀. Omi karùn-ún, iyọ̀ díẹ̀. Omi kẹsàn-án, kò sí nǹkan. Iyọ̀ tán, ọ̀rọ̀ tán. Ó kúnná, ó funfun. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọjọ́rú, 5

Mo kó òkúta jáde, mo da iyanrìn sí i. Omi dàrú, nígbà tó di ọ̀sán ó ti tòrò. Onírùngbọ̀n ki imú bọ̀ ọ́, ó ń tú u bí ẹni tó sọ owó nù. Ẹnjiníà jẹ odindi kẹ́ńkè kan. Odindi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó tún jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Efo pè pé òun ti rí iyanrìn. Mo ní kó má ṣe wàhálà, mo ti rí òmíràn. Ó béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, mo pa fóònù. Mo sì gbọ́ ọ kedere. Kí ló dé tí mo purọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ẹja wà lójú omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ara rẹ̀ ṣú. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo fọ́ àwo kan. Mo pààrọ̀ omi díẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnjiníà tu oúnjẹ àárọ̀ dà nù.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo pe Efo, mo jẹ́wọ́. Kíá ló dé. Kò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó bu iyanrìn sínú àwo, ó ní kí n fún òun ní fínígà. Ó ta á sí i. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ṣìììì.

"Maa, kì í ṣe iyọ̀ nìkan ló wà létíkun. Ìkarahun tó lọ̀ kúnná ló pọ̀ nínú èyí. Bí ẹfun ló rí, òun ló ń hó yẹn. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi sì ti yí padà mọ́ ẹja odò lára."

Mo ní mo tọ́ ọ wò. Ó ní ahọ́n èèyàn kì í mọ ìyẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde, èmi àti òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Onírùngbọ̀n kú. Ẹnjiníà ń sun oorun ọ̀sán. Mo sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Mo fi aṣọ bo àpótí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Kò jẹun. Omi ọbẹ̀ díẹ̀, tíì díẹ̀. Aṣọ yẹn ló tẹjú mọ́. Adjeley ní kí n sọ òótọ́ fún un. "Ọkùnrin tó wọ ọkọ̀ òkun fún ọgbọ̀n ọdún, ikú ẹja kọ́ ni yóò pa á." Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí kì í mú ṣíbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Efo gbé iyanrìn odò dé, láti òkè odò Volta. Mo gba fínígà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo ta á. Mo tẹ́tí. Kò hó. Mo bu láti ìsàlẹ̀ àpò, mo tún ta á. Kò hó. Mo fi ra àtẹ́lẹwọ́, kò gún mi. Omi méjìlá la fi fọ̀ ọ́ kí ó tó mọ́ gaara.

Mo ní kó wá ẹja kan tó jọ ti tẹ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, "Maa, gbogbo wọn ló jọra." Kò wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí omi kọ́kọ́ jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọjọ́ mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Ọjọ́rú, 19

Ẹja tuntun wọlé láàárọ̀. Gígùn kan náà, tótòtó dúdú kan náà, irùngbọ̀n rẹ̀ pé. Ó ń tú iyanrìn bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo ti àga Ẹnjiníà súnmọ́ ọn, mo ká aṣọ kúrò. Mo ní, "Ẹ wò ó, ara Onírùngbọ̀n ti yá. Irùngbọ̀n ti hù padà." Ojú mi ò tilẹ̀ ṣẹ́. Mo gbé ṣíbí.

Ó wò ó pẹ́. Ẹnu ò là. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra, ìka kan nà sí dígí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé omi ló fẹ́.

"Kì í — ṣe — òun."

Oṣù mẹ́rin rèé tí mi ò ti gbọ́ ohùn yẹn. Ó ti há, ó wúwo, àmọ́ tirẹ̀ ni. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, inú mi dùn, mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe, omijé bò mí lójú.

Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo dìndìnrìn. Ó tún un sọ.