Ilé Gbàǹjo àti Fọ́tò Àyà Hàúwà

Abúlé Àlàbí, Ìlọrin
14/3/1994

Màsúdát ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ ní Èkó, kò ní jẹ́ kí o fi owó ra àìsàn bí èmi ti rà á. Nínú ₦3,000 tí o fi ránṣẹ́ sí mi: ilé gbàǹjo, ₦1,900, ọkọ̀ tó kó o wá, ₦350, Múdàṣírù káfíńtà, ₦300, ìṣó, ₦90. Ó ku ₦360.

Ilé àwọn òyìnbó tó la ọ̀nà wa nígbà kan ni, èyí tí wọ́n máa ń tú palẹ̀ bí àpótí, tí wọ́n sì ń tò padà. Mo ní bí òyìnbó bá sùn níbẹ̀ tí kò kú, ta ni èmi? Páálí ara ògiri rẹ̀ ń ta wá lójú bí àlùbọ́sà. Mo ní òórùn ọrọ̀ ni, mo sì ní kí ìyá rẹ ti fèrèsé kí ó má baà lọ bá aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, mo ní kí Múdàṣírù fi ayùn gé e sí wàláà mẹ́sàn-án, nítorí wàláà onígi ti di ₦45. Mo ta mẹ́jọ fún àwọn ọmọ kéwú ní ₦20 ẹyọ kan, mo fún Hàúwà ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní ìkẹsàn-án. Òun náà ló ń gbá lẹ́búlẹ́bú tí ayùn dà sílẹ̀ jọ, tó fi ń ṣe àtíkè fún ọmọláńgidi rẹ̀.

Ni mo bá lọ pe wolé-wolé kánsù, kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé wa ló mọ́ jù lábúlé. Mo ra Fáńtà kalẹ̀. Kò tíì wọlé tán tó fi fi háńkáṣíìfù bo imú, tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Mo rò pé irú tí ìyá rẹ ń sè ni, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá, kì í ṣe irú, àjà yín ni. Ó ní a kì í fi ayùn gé e, a kì í gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Mo ní a ti gé e, a sì ti gbá a. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní eruku náà ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ lúgọ ni, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọdún kí àìsàn rẹ̀ tó fi ojú hàn.

Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Ọgbọ̀n lé e, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó máa bọ̀. Mo wá ṣírò ti Hàúwà: mẹ́fà àti ọgbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì. Màsúdát, ọjọ́ orí tí ìwọ wà lónìí gan-an nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A fi omi rin àjà náà, a fi ọ̀rá wé e, a sì sin ín. Ọ̀rá yáàdì méjìlá, ₦180. Mo ti sin bàbá mi, n kò ra aṣọ òkú fún àjà rí. Mo gba wàláà padà láti ilé dé ilé, mo dá owó wọn padà. Ìyá kan bi mí pé ṣé ogún náírà ni mo fẹ́ fi pa ọmọ òun. Mo ka ogún náírà rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo gbé Hàúwà lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Wọ́n ní kí á lọ ya fọ́tò àyà. Mo ti wọ aṣọ Iléyá fún un, mo lé tìróò fún un, wọ́n ní kí ó bọ́ aṣọ. Nígbà tí fọ́tò jáde, kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀, egungun ìhà nìkan. Mo ní kí wọ́n dín owó rẹ̀, nítorí ìdajì ọmọ ni wọ́n yà. Wọ́n kọ̀, wọ́n gba ₦150. Dókítà ní àyà rẹ̀ mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n kí á máa mú un wá lọ́dọọdún.

Inú yàrá amọ̀ àtijọ́ la padà sí, òjò sì ń wọlé. Jọ̀wọ́, fi ₦1,200 owó páànù ránṣẹ́. Dárí jì mí. Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí Hàúwà dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó sì sin ọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlsàlámì

Fọ́tò ọgbọ̀n ọdún, mo ti san ọ̀kan. Bí mo bá kú, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fo ọdún kankan. Ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n: ₦4,350.